Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Àjọ Ọjọ́ Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta

Lẹ́tà mẹ́rin ni a mú nínú àpò ìbéèrè lóṣù yìí. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ó bí mẹ́ta yòókù, nítorí pé a ti tẹ̀ ẹ́ jáde lóṣù tó kọjá láìtíì dáhùn rẹ̀, àwọn òǹkàwé sì ti dá sí i kí a tó mú kálàmù. A tún un tẹ̀ níbí fún àǹfààní ẹni tí kò bá ka ti oṣù náà.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n fún ọmọ mi ní iṣẹ́ àṣetiléwá kan ní ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì. Wọ́n ní bí ènìyàn bá ń dá àjọ, tí ó dá náírà 1 ní ọjọ́ kìn-ín-ní, náírà 2 ní ọjọ́ kejì, náírà 4 ní ọjọ́ kẹta, tí ó sì ń dá ìlọ́po méjì ti àná lójoojúmọ́ títí ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta fi pé, èló ni gbogbo owó náà yóò jẹ́, ṣé yóò ṣe é pín sí méjì dọ́gba, kí ọmọ sì dárúkọ nọ́ńbà mẹ́ta tí ó lè pín in láìṣẹ́kù. Èmi ni mo bá a tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù mi. Fóònù gbé 18,446,744,073,709,552,000 jáde. A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a sì fi kún un pé ó ṣe é pín sí méjì, sí mẹ́wàá àti sí ẹgbẹ̀rún, nítorí òdo mẹ́ta tí ó wà ní ìparí rẹ̀. Tíṣà fi bírò pupa fagi lé gbogbo rẹ̀. Ó ní 18,446,744,073,709,551,615 ni ìdáhùn, àti pé kò ṣe é pín sí méjì rárá. Ṣé fóònù ló purọ́ ni àbí tíṣà? Báwo ni ènìyàn sì ṣe ń mọ ohun tí ó pín nọ́ńbà tí ó gùn tó báyìí?
Bàbá akẹ́kọ̀ọ́, Ọjà Owódé, Ọ̀fà.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jẹ èrè rẹ̀. Tíṣà ló jàre. Fóònù náà kò sì mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ó ṣe bíi ti akọ̀wé tí a ní kí ó kọ owó sínú ìwé tí ìlà rẹ̀ kò gùn tó, tí ó kọ ìwọ̀n tí ìlà gbà, tí ó wá fi òdo dí ìyókù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù àti ti kọ̀ǹpútà kì í pa ju díjíìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́tàdínlógún mọ́ láti iwájú nọ́ńbà wá. Títí dé 9,007,199,254,740,992, wọ́n lè mú gbogbo odidi nọ́ńbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìfo ẹyọ kan. Bí a bá ti kọjá ibẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fo, àlàfo náà á sì máa fẹ̀ sí i, débi pé nígbà tí a bá fi dé àdúgbò nọ́ńbà tiyín, 2,048 ni wọ́n ń fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nọ́ńbà tíṣà bọ́ sínú irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Fóònù gbé e lọ sí ibi tí ó sún mọ́ ọn jù, ìyẹn ni pé ó fi ọ̀kan kún un, lẹ́yìn náà ni ó tún gé ìrù rẹ̀ nígbà tí ó fẹ́ kọ ọ́ sójú gíláàsì. Fóònù mìíràn kì í tilẹ̀ kọ òdo rárá, 1.8446744E19 ni yóò kọ, E19 yẹn sì túmọ̀ sí pé kí ẹ ti àmì náà sí apá ọ̀tún ní ìgbà mọ́kàndínlógún. Èyí tí ó ń kọ E yẹn ni èmi fẹ́ràn jù, nítorí ó kéré tán ó jẹ́wọ́ pé òun kò mọ ìyókù.

Ní ti pé ó ṣe é pín sí méjì tàbí kò ṣe é pín, fóònù kò níṣẹ́ kankan níbẹ̀. Gbogbo owó tí wọ́n dá láti ọjọ́ kejì títí dé ọjọ́ ìkẹyìn jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, nítorí náà kò sí èyí tí kò ṣe é pín sí méjì nínú wọn. Náírà 1 ti ọjọ́ kìn-ín-ní nìkan ni kò ní ìkejì, òun náà ni ó sì sọ gbogbo àjọ náà di aláìdọ́gba.

Iye gbogbo rẹ̀ kò le púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé kí àjọ tó bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan ti yá wọn ní náírà 1. Náírà àyálò yìí àti náírà 1 ti ọjọ́ kìn-ín-ní di 2. 2 yẹn pẹ̀lú 2 ti ọjọ́ kejì di 4. 4 pẹ̀lú 4 ti ọjọ́ kẹta di 8. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ láìyẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélọ́gọ́ta, ohun tí ó wà nínú àpò ni 2 tí a kọ ní ìgbà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tí a sì sọ gbogbo wọn di púpọ̀, èyí tí í ṣe 18,446,744,073,709,551,616. Ẹ wá dá náírà olówó padà fún un, 615 yóò sì jókòó sí ìparí bí tíṣà ti wí.

Apá tí ó dùn mọ́ mi jù nínú lẹ́tà yín ni ìbéèrè tí ẹ fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà mọ ohun tí ó pín irú nọ́ńbà báyìí: a lè wo ojú rẹ̀, a sì lè wádìí ìdílé tí ó ti wá. Ojú rẹ̀ kò lè sọ ju díẹ̀ lọ. 5 ni ó fi parí, nítorí náà 5 pín in. Bí a bá ro díjíìtì ogún náà pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, 1 àti 8 àti 4 àti 4 títí dé 5 ìparí, 87 ni a ó rí. 3 pín 87, ṣùgbọ́n 9 kò pín in, nítorí náà 3 pín nọ́ńbà wa, 9 kò sì pín in. Ibẹ̀ ni ojú parí iṣẹ́ rẹ̀ sí. Kò sí ẹni tí yóò tẹjú mọ́ nọ́ńbà yẹn láti àárọ̀ di alẹ́ tí yóò rí 257 lára rẹ̀.

Ìdílé rẹ̀ ńkọ́? Ẹ mú 2, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ó di 4. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 4, ó di 16. 16 di 256. 256 di 65,536. 65,536 di 4,294,967,296. Èyí náà sì di 18,446,744,073,709,551,616. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà péré ni. Al-Bīrūnī, onímọ̀ tí ó gbé láyé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ṣírò nọ́ńbà yìí gan-an láìní fóònù, nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì tí ojú rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, tí a sì ń ka ìlọ́po méjì sí ojú kọ̀ọ̀kan. Irú àsọdipúpọ̀ tí nọ́ńbà ń fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ yìí ni ó sì lò. Ibn Khallikān, òǹkọ̀wé èdè Lárúbáwá, kọ ìtàn ọpọ́n náà, tí a fi hóró ọkà ka ìlọ́po méjì sí ojú rẹ̀, sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàlá, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kí ó ṣe àjèjì sí àwọn ààfáà wa ní Ìlọrin.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tí ó ń din wàrà ní Ìpàta. Ó to èyí tí ó ti dín sórí àwo pẹrẹsẹ kan ní ìlà mẹ́rin, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, mẹ́rìndínlógún lápapọ̀. Ó mú ẹyọ kan ní igun ìsàlẹ̀, ó ní kí n tọ́ ọ wò. Ìlà ìsàlẹ̀ wá ku mẹ́ta. Ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kún ìparí ìlà mẹ́ta tó wà lókè, kí àwo má baà rí jágajàga lójú oníbàárà. Mo wo àwo náà: ìlà mẹ́ta, márùn-ún-márùn-ún. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, bí a bá yọ ọ̀kan kúrò, ó di mẹ́ta lọ́nà márùn-ún. Obìnrin náà kò mọ̀ pé òun ti kọ́ mi níṣẹ́. Owó wàrà rẹ̀ ni ó ń bá mi sọ.

Bí àwo náà ì bá tóbi tó ayé, bákan náà ni yóò rí. Níbi tí iye ìlà bá ti dọ́gba pẹ̀lú iye inú ìlà, tí a sì yọ ẹyọ kan, a lè tún un tò kí ìlà fi ọ̀kan dín, kí inú ìlà sì fi ọ̀kan lé. Ẹ wá gbé nọ́ńbà tíṣà sórí àwo yìí. Ó jẹ́ 4,294,967,296 lọ́nà 4,294,967,296 tí a yọ ẹyọ kan nínú rẹ̀, nítorí náà ó di 4,294,967,295 lọ́nà 4,294,967,297. Ẹ fi èyí tí ó tóbi sílẹ̀ ná. Èyí tí ó kéré tún jẹ́ 65,536 lọ́nà 65,536 tí a yọ ẹyọ kan, ó di 65,535 lọ́nà 65,537. 65,535 tún di 255 lọ́nà 257, 255 di 15 lọ́nà 17, 15 sì ni àwo Ìpàta, 3 lọ́nà 5. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa báyìí ni 3, 5, 17, 257, 65,537 àti 4,294,967,297 tí a fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di púpọ̀, nọ́ńbà tíṣà ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ọmọ yín ì bá ti kọ 3, 5 àti 17, kí ó sì lọ sùn.

Ṣùgbọ́n èmi kò lè sùn síbẹ̀, nítorí ìtàn wà lára èyí tí ó tóbi jù nínú mẹ́fà náà. Nọ́ńbà tí ó ju 1 lọ, tí kò sí ohun tí ó lè pín in láìṣẹ́kù àyàfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní páráìmù. 3, 5, 17, 257 àti 65,537, páráìmù ni gbogbo wọn. Ní 1640, Pierre de Fermat, amòfin ilẹ̀ Faransé tí ó ń fi ìṣirò dárayá, gbà pé 4,294,967,297 àti gbogbo àwọn àbúrò rẹ̀ tí yóò máa tẹ̀lé e náà yóò jẹ́ páráìmù. Kò sí ẹni tí ó já a ní irọ́ títí di 1732, nígbà tí Leonhard Euler, ọmọ Switzerland, fi hàn pé 641 lọ́nà 6,700,417 ni nọ́ńbà náà. Fermat kì í ṣe ẹni tí à ń fi ìṣirò tàn jẹ, síbẹ̀ nọ́ńbà tí kò ju díjíìtì mẹ́wàá lọ ni ó mú un.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí 641 ṣe wọ ibẹ̀ láì pín nǹkan kan rárá, ẹ mú bírò, kí ẹ sì fara balẹ̀. 641 jẹ́ 640 tí a fi 1 kún, ó sì tún jẹ́ 625 tí a fi 16 kún. Ẹ kọ 640 ní ìgbà mẹ́rin, kí ẹ sọ wọ́n di púpọ̀. Ẹ má ṣe ìyọnu láti ṣí èsì náà, ẹ kàn pè é ní Ẹrù. Bí ẹ bá yọ 1 nínú Ẹrù, 641 yóò pín ohun tí ó kù, nítorí pé àwo wàrà sọ fún wa pé ohun tí ó kù yẹn ní 640 lọ́nà 640 tí a yọ 1 nínú, ìyẹn sì jẹ́ 639 lọ́nà 641. Bí ẹ bá fi 4,294,967,296 kún Ẹrù dípò kí ẹ yọ 1 nínú rẹ̀, 641 yóò tún pín in, nítorí pé 640 jẹ́ 5 lọ́nà 128, èyí tí ó sọ Ẹrù di 625 lọ́nà 268,435,456, nígbà tí 4,294,967,296 jẹ́ 16 lọ́nà 268,435,456 kan náà. 625 àti 16 ni ó sì para pọ̀ di 641. Bí 641 bá pín nọ́ńbà méjì, kò sí bí ìyàtọ̀ àárín wọn yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjì yìí ni 4,294,967,297.

6,700,417 páráìmù ni, 641 náà páráìmù. Nítorí náà páráìmù méje ni ó bí nọ́ńbà tíṣà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: 3, 5, 17, 257, 641, 65,537 àti 6,700,417. Ohunkóhun tí ó bá fẹ́ pín in láìṣẹ́kù gbọ́dọ̀ jẹ́ àkójọ díẹ̀ nínú méje yìí tàbí gbogbo wọn, àyàfi 1 nìkan tí kò mú ìkankan. Ẹ lè mú ọ̀kọ̀ọ̀kan tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀, méjì lọ́nà méjì ní ìgbà méje, nítorí náà nọ́ńbà 128 ni ó pín in, kò lé, kò dín. Ẹ tún wo àwọn aládùúgbò rẹ̀. Èyí tí ó fi 1 jù ú lọ, tí ó parí sí 616, kò ní páráìmù kankan lára ju 2 lọ. Èyí tí ó fi 2 jù ú lọ, tí ó parí sí 617, jẹ́ 274,177 lọ́nà 67,280,421,310,721, ó sì di 1880 kí Fortuné Landry, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó kéde rẹ̀. Ọ̀kan ní páráìmù méje, èkejì ní ẹyọ kan, ẹ̀kẹta ní méjì, ojúlé wọn sì tẹ̀ léra.

ÌBÉÈRÈ: Mo ka lẹ́tà bàbá Ọ̀fà nínú ìwé yín. Ó dùn mí pé nígbà tí ọmọ-ọmọ mi fẹ́ ka nọ́ńbà náà síta, kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan lẹ́nu rẹ̀. Mílíọ̀nù àti bílíọ̀nù ni ó ń pè, nígbà tí ó sì ré kọjá tírílíọ̀nù, ó dákẹ́. Ṣé Yorùbá kò lè kà dé ibẹ̀ ni?
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Pákàtà, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Àgbà olùkọ́, ẹ kú ìsinmi. Yorùbá lè kà dé ibẹ̀ bí a bá jẹ́ kí ọ̀kẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní ayé owó ẹyọ, ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì kún ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Bí a bá di nọ́ńbà tíṣà sí ọ̀kẹ́-ọ̀kẹ́, ó jẹ́ ọ̀kẹ́ 922,337,203,685,477, ohun tí ó sì lé lórí rẹ̀ ni 11,615, èyí tí í ṣe ẹgbàárùn-ún ó lé ẹgbẹ̀jọ ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Iye ọ̀kẹ́ náà ṣì gùn, mo mọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a tún di ọ̀kẹ́ sínú ọ̀kẹ́. Ọ̀kẹ́ kan lọ́nà ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 400,000,000, ẹ jẹ́ kí a pè é ní àpò kejì. Ọ̀kẹ́ àpò kejì ni àpò kẹta, ọ̀kẹ́ àpò kẹta sì ni àpò kẹrin. Nọ́ńbà tí ó ní díjíìtì ogún yìí kò wá jẹ́ nǹkan mìíràn ju àpò kẹrin márùndínlọ́gọ́fà, àpò kẹta 5,843, àpò kejì 184, ọ̀kẹ́ 5,477 àti ẹyọ 11,615. Ìró márùn-ún péré ni, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí a kò lè fi ẹnu Yorùbá kà. Àwọn kan fẹ́ kí a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún tírílíọ̀nù àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tí ó ní ọ̀kẹ́ nílé kò yẹ kí ó lọ yá garawa lóde.

Ọ̀kẹ́ tún ní iṣẹ́ kan tí mo rò pé ẹ̀yin olùkọ́ yóò fẹ́ràn. Nítorí pé 2, 4, 5, 8, 16, 25 àti 125 ni wọ́n pín 20,000 láìṣẹ́kù, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀kan nínú wọn pín nọ́ńbà gígùn kan lè da gbogbo ọ̀kẹ́ nù, kí ó wo ẹyọ tí ó lé nìkan. Ẹyọ tiwa ni 11,615. 5 pín in, ó di 2,323. 25 kò pín in. Nítorí náà 5 kan ṣoṣo ni ó wà nínú nọ́ńbà tíṣà, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i lórí àwo wàrà.

Ọmọ-ọmọ yín lè béèrè bí owó náà ti pọ̀ tó. Ẹ sọ fún un pé bí ẹnìkan bá ń ka náírà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tí kò jẹun, tí kò sùn, bílíọ̀nù ọdún 584 ni yóò fi kà á tán. Àwọn onímọ̀ sánmà ṣírò ọjọ́ orí gbogbo àgbáyé yìí sí bíi bílíọ̀nù ọdún 13.8.

ÌBÉÈRÈ: Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tí ó sì tún jẹ́ ọjọ́ ọjà wa, tí a wá ka iye ọjọ́ tí ó tó nọ́ńbà yẹn síwájú, ọjọ́ wo ni yóò bọ́ sí, ṣé ọjà yóò sì bọ́ sí i?
Ọlọ́jà ọrọọrún, Ajàṣẹ́-Ìpo.

ÌDÁHÙN: Sátidé ni yóò bọ́ sí, ọjà yóò sì ku ọ̀la. Ẹ ro owó àjọ ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ pọ̀, 1 àti 2 àti 4, ó jẹ́ 7; ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀lé e, 8 àti 16 àti 32, jẹ́ 7 lọ́nà 8; bẹ́ẹ̀ ni mẹ́ta-mẹ́ta yóò ṣe máa jẹ́ ìlọ́po 7 títí dé ọjọ́ kẹtàlélọ́gọ́ta. Ọjọ́ ìkẹyìn nìkan ni ó ṣẹ́kù, owó rẹ̀ sì fi 1 lé lórí ìlọ́po 7, nítorí náà a fi ọjọ́ kan kọjá Jímọ̀. Ní ti ọjà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé òní wà nínú ọrún tí à ń kà, ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà láàárín ọjà kan sí èkejì ní ti gidi. Láti ọjọ́ kẹta àjọ lọ, gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 4. 1 àti 2 ti ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni ó ṣẹ́kù, ó jẹ́ 3. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọjà ni ẹ ń di ẹrù, àbí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, ǹjẹ́ àròpọ̀ àjọ yìí lè jẹ́ páráìmù ní ọjọ́ kan? Páráìmù wo ni ó sì tóbi jù lọ?
Akẹ́kọ̀ọ́, Tánkẹ, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ó lè jẹ́. Ní òpin ọjọ́ kejì, 3 ni. Ọjọ́ kẹta, 7. Ọjọ́ karùn-ún, 31. Ọjọ́ keje, 127. Páráìmù ni gbogbo wọn, àwọn tí iye ọjọ́ wọn sì jẹ́ páráìmù nìkan ni wọ́n ní ìrètí rẹ̀. Bí iye ọjọ́ bá ṣe é kó ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta tàbí márùn-ún-márùn-ún láìṣẹ́kù, tí ìdì sì ju ẹyọ kan lọ, bí mo ti kó wọn fún ọlọ́jà Ajàṣẹ́, ìdì kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ ìlọ́po ìdì àkọ́kọ́, ìdì àkọ́kọ́ yóò sì pín gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọjọ́ 64 kò fi lè bí páráìmù láéláé. Ṣùgbọ́n kí iye ọjọ́ jẹ́ páráìmù kò tó: ní òpin ọjọ́ kọkànlá, àjọ jẹ́ 2,047, èyí tí í ṣe 23 lọ́nà 89. Ní òpin ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, ó jẹ́ 2,147,483,647, Euler sì fi hàn ní 1772 pé páráìmù ni. O lè ti pàdé nọ́ńbà yẹn níbòmíràn. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2014, iye ìgbà tí wọ́n wo fídíò orin kan láti Kòríà lórí YouTube kọjá rẹ̀, òun sì ni ibi tí òǹkà wọn lè kà dé. Wọ́n ní láti fẹ àyè náà dé 9,223,372,036,854,775,807, tí í ṣe àròpọ̀ àjọ wa ní òpin ọjọ́ kẹtàlélọ́gọ́ta.

Páráìmù tí ó tóbi jù lọ kò sí. Euclid ti fi èyí hàn ní ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn. Èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn tí a tíì rí, tí mo bá ń kọ ìdáhùn yìí, ni àròpọ̀ àjọ ọjọ́ 136,279,841, irú èyí tí wọ́n ń fi orúkọ Mersenne, àlùfáà ilẹ̀ Faransé, pè. Luke Durant, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó rí i ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá àjọ náà pé yóò lò ju ọ̀kẹ́ méjìdínlógún ọdún lọ. Díjíìtì 41,024,320 ni ó ní. Bí ojú ìwé kan nínú ìwé ìròyìn wa bá gba 3,000, yóò jẹ 13,675 ojú ìwé, olóòtú àgbà kò sì ní gbà.

Síbẹ̀ mo lè sọ díjíìtì tí ó fi parí fún ọ láì tẹ nǹkan kan. Bí 2 bá ń di ìlọ́po méjì, ìparí rẹ̀ kò ní ju 2, 4, 8, 6 lọ, yóò sì tún padà sí 2, mẹ́rin-mẹ́rin láìyẹ̀. Ọjọ́ 64 pín sí mẹ́rin láìṣẹ́kù, nítorí náà 6 ni ó fi parí, a dá náírà olówó padà, ó di 5. Pín 136,279,841 sí mẹ́rin, ó ṣẹ́ku 1, nítorí náà 2 ni yóò fi parí, a ó sì dá náírà olówó padà níbẹ̀ náà. 1 ni.